"Carry Over": Ẹrù Ni, Kì í Ṣe Orúkọ Èèyàn

 

Bí èsì ìdánwò bá ti jáde, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń tètè dé ẹnu àwa akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin bíi "carry over". Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Tanke lọ sí PS, ẹ óò gbọ́ ọ. Ẹ jókòó ní Motion Ground, ẹ óò gbọ́ ọ. "Mélòó lo ní?" "Méjì péré ni, ṣùgbọ́n ti lágbájá ti lé ní márùn-ún." Ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń sọ lè rò pé ewúrẹ́ là ń kà. Àwa tá a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Bí ẹni tó ni ín bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń bá a sọ ọ́, ohùn tiẹ̀ á ròkè.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá lójú wa láìtú u wò. Iṣẹ́ wa ni láti bi ọ̀rọ̀ léèrè ibi tó ti wá àti ohun tó ń ṣe lẹ́nu wa. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ rere ni "carry over", àwa la sọ ọ́ di burúkú. Ẹrù ló ń sọ nípa rẹ̀, a wá fi í sọ èèyàn lórúkọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bo àwọn òbí wa lójú. Bí a bá ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe yẹ, yóò rọrùn fún wa láti ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà gan-an ní ká ṣe, ìyẹn ni pé ká gbé e.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ?

Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ọ̀rọ̀ yìí ní "phrasal verb". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni, tó fa ọ̀rọ̀ kékeré kan mọ́ra, tí àwọn méjèèjì sì jọ bí ìtumọ̀ tí èèyàn kò lè rí lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn. "Carry" ni gbé, tàbí rù. Ó bá ọ̀rọ̀ Látìn kan tan, "carrus", tó túmọ̀ sí kẹ̀kẹ́ ẹrù, tí "car" tí à ń wọ̀ lónìí náà ti ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń yí padà bí ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti yí. "Carry on" ni kí èèyàn máa bá nǹkan lọ. "Carry out" ni kí ó mú àṣẹ tàbí iṣẹ́ ṣẹ. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn débi tó gbàgbé ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó ti di "carried away". Ẹni tó bá ń túmọ̀ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò kàn máa gbé nǹkan kiri ṣáá ni.

"Carry over" ní tiẹ̀ ní ìtumọ̀ bíi mẹ́ta tó wọ́pọ̀. Èkíní jẹ mọ́ ìwé owó. Bí akọ̀wé owó bá dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tí ìṣirò rẹ̀ kò tíì tán, yóò gbé àròpọ̀ tó ti ní kọjá sí òkè ojú ìwé tó kàn. Kò ní pa á rẹ́, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ irú rẹ̀. Bí a bá ro 7 pọ̀ mọ́ 8, a ó kọ 5 sílẹ̀, a ó sì gbé 1 lọ sí ìlà tó kàn. Kò sí olùkọ́ tí yóò na ọmọ nítorí pé ó gbé 1. Bí ọmọ bá gbàgbé láti gbé e ni ìṣirò tó dàrú.

Èkejì ni ohun tí àkókò rẹ̀ kò tó, tí a wá sún wọ àkókò mìíràn. Òṣìṣẹ́ tí kò lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tán lọ́dún yìí lè gbé ìyókù wọ ọdún tó ń bọ̀, bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà fún un. Ẹ̀kẹta ni ìwà, ìṣe tàbí ohùn tó ti ibì kan ràn dé ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ ìró èdè náà ń lò ó báyìí: bí ìró kan bá fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ sára ìró tó tẹ̀ lé e, "carry-over" ni wọ́n ń pè é. Ó sún mọ́ ohun tí à ń gbọ́ nígbà tí "ará ilé" bá di "aráalé". Fáwẹ̀lì "a" kò fẹ́ kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀, ó bá sọdá, ó sì gba ipò "i".

Ẹ wá ìkùnà nínú gbogbo ìtumọ̀ wọ̀nyí, ẹ kò ní rí i. Ohun tí ẹ óò rí ni ẹrù kan, ààlà kan, àti ẹni tó gbé ẹrù náà ré ààlà kọjá.

Irú rẹ̀ wà nílé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń bẹ̀rù irú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí ní kíláàsì Use of English, bí ẹni pé ohun àràmàǹdà ni. Bẹ́ẹ̀ a ní ohun tó jọ ọ́ nílé. Àwọn onígírámà wa, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin yìí, tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1978, ti jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì ni, tí àbọ̀ yóò sì bọ́ sí àárín rẹ̀. "Tànjẹ" jẹ́ ọ̀kan. A ó sọ pé "Ó tan Adé jẹ", a ó sì sọ pé "Ó tàn mí jẹ". Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé "Ó tànjẹ mi". "Bàjẹ́" náà rí bẹ́ẹ̀: "Wọ́n ba ọ̀nà jẹ́", "Wọ́n bà á jẹ́".

Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọ̀rọ̀-orúkọ wà lẹ́yìn tàbí láàárín: "carry over the course", "carry the course over". Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti di arọ́pò-orúkọ, àárín nìkan ni ibùgbé rẹ̀. "Carry it over" ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ "carry over it". Òfin tiwa tún le ju tiwọn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ pàápàá kò gbọdọ̀ kúrò láàárín. Ẹni tó bá mọ bí "tànjẹ" ṣe ń là kò yẹ kó máa gbọ̀n níwájú "carry over".

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń béèrè olùwà. Bí ẹnì kan bá gbọ́ pé a gbé nǹkan, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló gbé e?"

Bó ṣe dà lẹ́nu wa

Ní Nàìjíríà, a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò yege nínú rẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ gbé wọ ọdún mìíràn láti tún ṣe, òun ni à ń pè ní kárí-ófà. Ẹ fetí sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń bá a rìn. Àwọn kan ń sọ pé, "Mo ní kárí-ófà." Ìwọ̀nba díẹ̀ ń sọ pé, "Mo gbé kárí-ófà kan." Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń gbọ́ jù ni pé, "Wọ́n fún mi ní kárí-ófà", tàbí "Ọ̀gá yẹn, kárí-ófà ló máa ń fún èèyàn."

Ẹ wo ìrìn àjò tí olùwà rìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ẹrù. Nígbà tó fi máa dé ẹnu wa, olùkọ́ ló ń pín in bí ẹni pín sàráà. Mi ò ní irọ́ ni nígbà gbogbo. Àwọn kan wà tí èsì wọn sọnù, tí àìsàn mú lọ́jọ́ ìdánwò, tàbí tí owó iléèwé kò jẹ́ kí wọ́n wọlé ìdánwò. Àwọn wọ̀nyí ní ẹjọ́ láti rò, ó sì yẹ kí á bá wọn rò ó. Ṣùgbọ́n kódà fún wọn, bí ẹjọ́ náà kò bá tíì parí, ẹrù ṣì wà nílẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì gbé e.

Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá kúrò lára kọ́ọ̀sì tó bọ́ sára èèyàn. "Carry over student" ni wọ́n á máa pe ẹni tó wà ní ọdún kẹta tó padà wá jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní láti gbọ́ ẹ̀kọ́ GNS. Ẹ̀yìn pátápátá ni yóò jókòó sí. Kò ní béèrè ìbéèrè kí àwọn àbúrò má baà yíjú wò ó. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò tilẹ̀ ní wá mọ́. Ìtìjú tí a so mọ́ orúkọ yẹn ni kì í jẹ́ kó gbọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á sílẹ̀. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A kò wo ilé kankan tí a fi ń sọ ẹni tó ku kọ́ọ̀sì kan ní orúkọ yìí.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba, "resit" ni wọ́n ń sọ jù, ìyẹn ni pé kí èèyàn tún jókòó ṣe ìdánwò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń sọ pé kí ó tún kọ́ọ̀sì gbà. Ní gúúsù Íńdíà, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ni "arrear", tó jẹ́ gbèsè tí ọjọ́ sísan rẹ̀ ti kọjá. Ti àwọn ará Íńdíà yìí ló wù mí jù, nítorí pé ó bá ohun tí èdè tiwa fẹ́ sọ mu.

Ìbòjú tí a fi ń bo ilé

Àwàdà kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe. Ọmọ kan dé ilé, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Báwo lèsì ìdánwò?" Ọmọ ní, "Ó dáa mà, mo tiẹ̀ ní carry over méjì." Ìyá bá gbé ọwọ́ sókè: "Alhamdulillahi! Ọlọ́run á fi ẹ̀kẹta kún un fún ọ."

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ta là ń fi ṣe ẹlẹ́yà? Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ìpàtà, tó ń fi èrè rẹ̀ san owó iléèwé, kò mọ "carry over", ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá sanwó kí ọmọ lọ kọ́ ni ọmọ fi ń pa ojú ìyá dé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò parọ́ rárá, a kàn sọ òótọ́ ní èdè tí ilé kò gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Ọjọ́ náà kì í pẹ́ dé: ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí wọ́n sì ń wọ káàkì NYSC, tí ìyá bá béèrè pé, "Tìrẹ ńkọ́?"

Báwo ni a ṣe lè sọ ọ́ ní Yorùbá? Àwọn kan á sọ pé, "Mo fèèlì", tàbí "Mo fìdí rẹmi." Kò péye. Ẹni tó fìdí rẹmi ti dé òpin ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé, "Kọ́ọ̀sì kan ṣì wà lọ́rùn mi." Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Gbèsè ló máa ń wà lọ́rùn èèyàn. Gbèsè kì í ṣe ohun ìdùnnú, kò sí ìyá tí yóò gbọ́ ọ tí yóò gbé ọwọ́ sókè kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ṣeé san. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè pé, "Ìgbà wo lo máa san án? Kí lo nílò?" Ìbéèrè méjì tó yẹ kí ilé bi akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. "Mo fèèlì" kò lè mú wọn wá, "carry over" tí wọn kò gbọ́ kò sì lè mú wọn wá.

Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ fún un, "kọ́ọ̀sì àgbékọjá" kò burú. Ó pa ẹrù mọ́, ó pa ààlà mọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹ tún ti dé, ẹ fẹ́ ká má sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́." Rárá o. Ìlọrin ni ibi tó yẹ ká ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àyálò kì í ba èdè jẹ́. Wákàtí, àlàáfíà, àlùbáríkà àti sábàbí, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni orísun gbogbo wọn, wọ́n sì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà ní Ìpàtà àti ọmọ tó wà ní yunifásítì ló jọ ń sọ wọ́n, tí wọ́n sì jọ gbọ́ ara wọn. Bí kárí-ófà náà bá fẹ́ di ọmọ ilé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé kí àwọn ará ilé rí ojú rẹ̀.

Ohun tí a kò bá gbé ni yóò dà

"Carry over" ní àbúrò kan tó burú jù ú lọ, "spill over". Òun náà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó fa "over" mọ́ra. Ní yunifásítì wa, ẹni tí ọdún rẹ̀ pé tí kò lè jáde nítorí kọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù ni à ń sọ pé ó wà ní "spillover". Nínú Gẹ̀ẹ́sì, omi ló ń "spill over": omi tó kún inú ìkòkò, tó wá ń ṣàn kọjá etí rẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà nínú ọwọ́. Ohun tí à ń "carry" wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ohun tó ń "spill" kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹyọ kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà ní sáà kan kò gbọdọ̀ ju 24 lọ. Ká ní kọ́ọ̀sì ọdún tó o wà jẹ́ ẹyọ 20 ní sáà kan. Àyè tó kù kò ju 4 lọ. Kọ́ọ̀sì àgbékọjá kan tó jẹ́ ẹyọ 3 yóò wọlé. Bó bá jẹ́ méjì, 6 ni wọ́n jẹ́, ìkejì kò ní ráyè. Kọ́ọ̀sì sáà ọyẹ́ kì í sì í dúró de èèyàn ní sáà òjò, àfi kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀sì ọdún kìíní tí a sá fún ní ọdún kejì, tí a tún sá fún ní ọdún kẹta, fi máa ń wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ìkòkò ló kún tó ń dà yẹn.

Ó ń kan máàkì náà. Ẹni tó gba ẹyọ 20 ní sáà kan, tó gba A nínú 17, tó sì gba F nínú kọ́ọ̀sì ẹyọ 3 kan ṣoṣo, 4.25 ni yóò ní ní sáà náà, nígbà tó jẹ́ pé láti 4.50 ni ipò kìíní ti ń bẹ̀rẹ̀. F kan kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tó ti ṣẹlẹ̀, ìwúlò kan ṣoṣo tó kù ni kí a gbé e kíákíá, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ẹyọ 3.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí èsì bá jáde tí kọ́ọ̀sì kan wà lọ́rùn yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún nígbà tí wọ́n bá tún ń kọ́ ọ, kí ẹ tó mú èyí tó wù yín. Ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ yín kí sáà tó wọra. Bó bá jẹ́ pé èsì ló sọnù, ẹ kọ ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ jókòó síwájú ní kíláàsì àwọn àbúrò yín. Kí ẹ sì sọ fún ilé, ní èdè ilé. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gbé kọ́ọ̀sì kan kọjá rí, tẹ́ ẹ yege nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tẹ́ ẹ sì ń jẹun lónìí lára ìwé ẹ̀rí kan náà tí àwọn yòókù gbà. Àwọn àbúrò yín kì í gbọ́ ìtàn yẹn. Ìtàn ẹni tó gba A láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí ẹ bá tún wá kí wa ní PS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì sọ ọdún tẹ́ ẹ gbé e àti ọdún tẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.